Ọmọ Ní Í Kún Ilẹ̀, Ìgbéyàwó Ní Í Pín In

Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà fẹ́ kí a jọ wo ilé nínú àpilẹ̀kọ yìí: ilé tí a ti wá, ilé tí àwọn ẹlòmíràn kọ́, àti ilé tí àwa náà yóò kọ́ nígbà tí a bá gba ìwé ẹ̀rí tán, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀.

Ushafa ni abúlé tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn. Ó wà ní agbègbè Bwari, ní Olú-ìlú Àpapọ̀ wa, Abùjá. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Gwari, ni onílẹ̀ ibẹ̀. Ìkòkò mímọ ni àwọn obìnrin wọn fi lókìkí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Bill Clinton, tó jẹ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè Àmẹ́ríkà nígbà náà, ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń pe Ushafa ní abúlé Clinton.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa rìnrìn-àjò lọ síbẹ̀, bí mo ti dúró níwájú àwọn ìkòkò ni ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàkóso ìlú Clinton rí, Gẹ̀ẹ́sì náà ló ṣàkóso ìlú tiwa. Wọ́n kéde òmìnira tiwọn ní 1776, àwa gba tiwa ní 1960. Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi kún ilẹ̀ Àmẹ́ríkà títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn, tí wọn kò sì kún ilẹ̀ Ushafa tàbí ilẹ̀ Ìbàdàn?

Mo ti wá ìwé kà lórí rẹ̀. Ìdáhùn tí mo rí ni pé ìwé gómìnà kì í kún ilẹ̀, agboolé ní í kún un. Ọkọ, aya àti ọmọ tó bá dúró pẹ́ lójú kan ni ilẹ̀ ń mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Bí ọmọ bá kún ilẹ̀ tán, irú ìgbéyàwó tí a fi bí wọn ni yóò sọ ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an.

ÌYÀWÓ TÍ A FI OKO RÍRÒ FẸ́

Ní ayé àtijọ́, ọmọkùnrin Gbagyi tó bá ń fẹ́ aya kì í kàn gbé owó kalẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa ro oko fún àna rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó fa ìyàwó lé e lọ́wọ́. Èyí kò ṣàjèjì sí wa, nítorí Yorùbá náà ń bẹ ọ̀wẹ̀ fún àna. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá pọ̀, tí ènìyàn kò pọ̀, ilẹ̀ kì í ṣe ọrọ̀. Ọwọ́ tí yóò ro ó ni ọrọ̀. Bàbá tó fa ọmọbìnrin sílẹ̀ ti pàdánù ọwọ́ méjì, àti ọwọ́ gbogbo ọmọ tí ọmọbìnrin náà yóò bí. Ọwọ́ ni àna sì fi san án padà.

Ìdí nìyí tí ìgbéyàwó irú èyí fi le láti tú. Ta ni yóò ro oko ọdún márùn-ún tán tí yóò jẹ́ kí ìyàwó lọ nítorí ìjà kékeré? Láàárín àwa náà, ilémoṣú kì í ṣe orúkọ tí obìnrin ń fẹ́ jẹ́. Àní ikú pàápàá kì í tú ìgbéyàwó Yorùbá ayé àtijọ́. Bí ọkọ bá kú, wọn a ṣú aya rẹ̀ lópó fún àbúrò ọkọ tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà kúrò nínú agboolé. Kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo ni obìnrin fẹ́, ilé ló fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ikú yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé Èkó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí agboolé Yorùbá ti kún tó nì, obìnrin kan ṣoṣo kì í bímọ lọ́dọọdún. Bí ó bá bímọ, kì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ, nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìyàwó púpọ̀ ló ń sọ ilé di ńlá.

BÍ GẸ̀Ẹ́SÌ ṢE KÚN ÀMẸ́RÍKÀ

Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan tẹ ìletò Jamestown dó ní ilẹ̀ tí wọ́n sọ ní Virginia. Ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ni gbogbo wọn, wọn kò mú obìnrin kan dání. Góòlù ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ilé. Ọdún kejì ni obìnrin méjì àkọ́kọ́ dé. Ní ìgbà òtútù 1609 sí 1610, ìyàn àti àìsàn pa ìletò náà débi pé nǹkan bí 60 ènìyàn ló kù. Nígbà tí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà rí i pé ìlú ọkùnrin lásán kì í pẹ́, wọ́n kó nǹkan bí 90 ọmọbìnrin ránṣẹ́ ní 1620 kí wọ́n lè di aya àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀. Èyí fi hàn pé wọ́n ti rí àṣìṣe wọn.

Ti Massachusetts yàtọ̀. Láàárín 1630 sí 1640, nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló wọ ọkọ̀ lọ sí agbègbè tí wọ́n ń pè ní New England. Ọ̀pọ̀ wọn lọ tọkọtaya, tọmọtọmọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì dára fún ara wọn ju ti Virginia lọ, nítorí náà ọkọ àti aya jọ ń pẹ́ láyé. Ìyàwó kan sí ọkọ kan ni òfin wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó kan náà a máa bí ọmọ 7 tàbí 8, ọdún méjì-méjì síra wọn. Lẹ́yìn 1640 àwọn tó ń wọlé dín kù gidigidi, síbẹ̀ nígbà tí yóò fi di 1700, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 90,000.

Ní 1751, Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Àmẹ́ríkà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ ìwé kékeré kan lórí bí ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i. Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Àmẹ́ríkà ti lé ní mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ti orí òkun wá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000. Níbo ni àwọn yòókù ti wá? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá wọn ni. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro. Ilẹ̀ pọ̀, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin kò ní láti dúró kí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó rí oko dá, nítorí náà ó ń tètè gbéyàwó, nítorí náà ọmọ ń pọ̀. Ó fojú díwọ̀n pé ọmọ 8 ni ìgbéyàwó kan ń mú wá níbẹ̀, nígbà tí ti Yúróòpù jẹ́ 4. Franklin mọ ohun tó ń sọ, nítorí ọmọ 17 ni bàbá tirẹ̀ bí, láti ọ̀dọ̀ ìyàwó méjì tó fẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Òun ni ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó "pọ̀" yìí ní olówó. Àrùn tí òyìnbó gbé wá pa àwọn onílẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Ogun 1637 àti ti 1675 sí 1676 sì lé ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kù kúrò ní New England. Bí ilẹ̀ ìletò àkọ́kọ́ kò bá ti tó àwọn ọmọ-ọmọ pín mọ́, wọn a ṣí lọ síwájú, wọn a tún lé àwọn onílẹ̀ mìíràn. Ọmọ tí bàbá kan bí ní Boston ni oko onílẹ̀ kan fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ibùsọ̀ síbẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ńkọ́? Àwọn náà fẹ́ra wọn, wọ́n bímọ, wọ́n ro ilẹ̀ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ní 1662 Virginia ṣe òfin pé ipò ìyá ni ọmọ yóò tẹ̀lé: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí bàbá rẹ̀ jẹ́. Òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí ìgbéyàwó. Ẹ wá rí i bí ọ̀rọ̀ ti rí: ọmọ ẹrú náà kún ilẹ̀, kò rí ẹ̀kún ọwọ́ kan gbà nínú rẹ̀.

AJAYI ÀTI ASANO

Ní ìhà tiwa, ibà ni kò jẹ́ kí òyìnbó kún ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba odò Ọya wọlé ní 1841, ó tó 40 òyìnbó tí ibà pa láàárín oṣù díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ tẹ ìlú dó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọmọ Áfíríkà ló níláti fi kún un.

Ìlú náà ni Freetown ní Sàró. Nǹkan bí 400 ènìyàn ló kọ́kọ́ dé ní 1787, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 dúdú tó ti gba òmìnira wá láti Nova Scotia, tẹbítẹbí. Àwọn Maroon láti Jàmáíkà tẹ̀lé wọn ní 1800. Lẹ́yìn tí ọba Gẹ̀ẹ́sì gba àkóso ibẹ̀ ní 1808, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú wá síbẹ̀. Bí ogun ilẹ̀ Yorùbá ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ nínú wọn. Nítorí pé "ẹ kú" kò kúrò lẹ́nu wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, Akú ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní ẹbí tí yóò gba ìdána. Báwo ni a ó ṣe fi irú wọn tẹ ìlú dó? Gómìnà Charles MacCarthy, tó ṣàkóso láti 1814 sí 1824, pín wọn sí abúlé-abúlé: Regent, Bathurst, Wellington, Hastings, Waterloo àti àwọn mìíràn. Abúlé kọ̀ọ̀kan níláti ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé. Wọ́n ń so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ ní pẹpẹ, ìyàwó kan sí ọkọ kan. Ìgbéyàwó ni wọ́n fi rọ́pò ẹbí tó ti fọ́.

Ajayi, ọmọ Òṣógùn, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, wà lára wọn. Ní 1822 ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀. Ní 1829 ó fẹ́ Asano, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú bíi tirẹ̀, tó ti di Susan nípa ìrìbọmi. Ìgbéyàwó wọn lé ní àádọ́ta ọdún. Ikú ló yà wọ́n. Wọ́n bí ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́ta. Ajayi ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọmọ wọn Dandeson di olóyè nínú ìjọ ní ẹ̀bá odò Ọya. Abigail, ọmọbìnrin wọn, fẹ́ Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ó sì bí Herbert Macaulay ní 1864. Láti inú tọkọtaya kan tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni Bíṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ àti olóṣèlú ti jáde láàárín ìran mẹ́ta. Agbára ìgbéyàwó tó bá pẹ́ nìyẹn.

IKÚ ỌKỌ NÍ ÈKÓ

Láti 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wálé, sí Badagry, sí Abẹ́òkúta, sí Èkó. Ní 1861 Èkó bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó méjì ti kọlu ara wọn: ìyàwó olórùka, àti ìyàwó tí a fi obì, orógbó àti ìdána fẹ́.

Ní 1884 ìjọba ṣe òfin ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin yìí kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bí ó bá fẹ́ ẹ, ó ṣẹ òfin. Títí di òní, ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló wà fún un nínú ìwé òfin wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà gbọ́ pé wọ́n fi ẹnì kan sẹ́wọ̀n torí rẹ̀. Èyí tó wá le jù ni pé bí olórùka bá kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi pín ogún rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ ikú tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, ikú ni òpin ìgbéyàwó, nítorí náà aya àti ọmọ ló ni ohun tí ọkọ fi sílẹ̀. Lójú Yorùbá, ikú kò fòpin sí i. Aya ṣì jẹ́ ti agboolé, nítorí náà kò jogún ọkọ. Ọmọ àti ẹbí ló ń jogún. Aya fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣú lópó. Ìgbéyàwó méjèèjì ló ń jẹ́ títí láé, ṣùgbọ́n "títí láé" wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní 1898 ni ọ̀rọ̀ yìí dé kóòtù Èkó, nínú ẹjọ́ tí àwọn amòfin mọ̀ sí Cole àti Cole. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní Sàró kó wá sí Èkó, ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi aya àti ọmọkùnrin kan sílẹ̀. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àrólé nípa àṣà ìbílẹ̀. Kóòtù ní rárá: ẹni tó bá ti ṣe irú ìgbéyàwó yẹn ti yan irú ilé mìíràn, aya àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ lè rí ìdí tí àwọn ọmọbìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó ìgbà náà fi ń fẹ́ òrùka. Ó fún wọn ní ìpín nínú ogún, kò sì sí orogún lójú òfin. Ṣùgbọ́n Kristin Mann, tó kọ ìwé lórí ìgbéyàwó àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ní 1985, fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn ló ní ìyàwó olórùka nílé, tí wọ́n sì ní ìyàwó ìbílẹ̀ níta. Ìjọ pàápàá pín sí méjì. Ní 1888, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní Lambeth pinnu pé wọn kò ní ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ. Ní oṣù kẹjọ 1891, àwọn kan ní Èkó dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀, wọ́n sì gba olóbìnrin púpọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún náà gan-an ni Crowther kú.

YÀRÁ 18

Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀ rí lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn amòfin nìkan ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Bàbá tó bí bàbá mi fi òrùka fẹ́ ìyá kan, ó bí ọmọ méjì. Lẹ́yìn náà ó fi ìdána fẹ́ èkejì, ìyẹn bí ọmọ méje. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá 18 ni ó fi sílẹ̀. Kò ṣe ìwé ìhágún.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ogún dé. Àwọn ọmọ olórùka mú ìwé ìgbéyàwó ìyá wọn jáde láti inú àpótí páànù: wọ́n ní gbogbo yàrá 18 ni tiwọn. Àwọn ọmọ méje ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, yàrá méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ìdí olórùka yóò mú 4, ìdí kejì yóò mú 14. Àwọn àgbà ẹbí ní ìdí-igi ni àṣà: ìdí ìyá kan 9, ìdí ìyá kejì 9. Ilé kan náà, òkú kan náà, ìpín mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Kò sì sí irọ́ nínú ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ìgbéyàwó tí oníkálùkù dúró lé lórí ló yàtọ̀.

Òfin fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà láti ìgbà Cole. Ní 1954, ìgbìmọ̀ adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù gbà nínú ẹjọ́ Bamgbose àti Daniel pé ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ọmọ tó tọ́, tó lè jogún. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, níbi tí ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án wà, wọ́n fọwọ́ sí ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Wọ́n sì gbà pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979, àti ti 1999 tí a ń lò, tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ọmọ nítorí bí a ṣe bí i.

Ìdí-igi ni a padà lò nílé wa. Ilé náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ olórùka kì í kí ara wọn, àwa ọmọ kò sì mọ ara wa lójú. Ọmọ mẹ́sàn-án tí ì bá jẹ́ agbára di ẹgbẹ́ méjì nítorí ìwé kan tí bàbá kò kọ.

ṢÉ ỌMỌ ṢÌ NI ỌRỌ̀?

Àwọn bàbá wa kò gọ̀ bí wọ́n ṣe bímọ púpọ̀. John Caldwell, onímọ̀ ètò ìkànìyàn láti Australia, tó ṣe ìwádìí púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, kọ ọ́ ní 1976 pé níbi tí ọrọ̀ bá ti ń ṣàn láti ọ̀dọ̀ ọmọ sọ́dọ̀ òbí, ọmọ púpọ̀ jẹ́ èrè. Ọmọ ń ro oko, ó ń ru ẹrù, ó ń tọ́jú àgbà. Ìgbà tí odò náà bá yí padà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ, ni ọmọ bíbí yóò dín kù. Ẹ̀yin tí bàbá yín ń ta ilẹ̀ san owó ilé-ìwé yín, ẹ ò nílò onímọ̀ kankan kí ẹ tó mọ ibi tí odò ń ṣàn sí.

Ìwádìí ìjọba lórí ìlera fi hàn pé ní 1990, obìnrin kan ní Nàìjíríà ń bí ọmọ 6 ní ìpíndọ́gba. Ní 2018 ó ti di 5.3, nínú ti 2023 sí 2024 ó di 4.8. Ìjọba ti dábàá ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan láti 1988. Òwe tí àwọn àgbà fi lé e ni pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ.

USHAFA LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abúlé oníkòkò. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó sọ ilẹ̀ àwọn Gbagyi àti àwọn aládùúgbò wọn di Olú-ìlú Àpapọ̀. Ní 1991, ènìyàn 371,674 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ní 2006, ó ti di 1,406,239. Ọmọ bíbí nìkan kò lè mú ìyẹn wá láàárín ọdún 15. Àwa àlejò ló kún un, Yorùbá pẹ̀lú. Òfin 1999 sì sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ Abùjá.

Nítorí náà, onílẹ̀ Ushafa tí bàbá rẹ̀ fi oko rírò fẹ́ ìyá rẹ̀, tí ó bí ọmọ mẹ́wàá sórí ilẹ̀ náà, kò ní ilẹ̀ lójú òfin ju èmi tí mo wọ mọ́tò dé lánàá lọ. Nígbà tí obìnrin kan gbé ẹrù rẹ̀ kọjá níwájú wa, lórí èjìká gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, mo rántí àwọn onílẹ̀ Massachusetts, ojú sì tì mí díẹ̀. Ó yẹ kí àwa tí a ń gbé lórí ilẹ̀ wọn máa rántí pé àlejò ni wá, kí a sì máa hùwà bí àlejò rere.

Kí wá ni kí a ṣe, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi? Àkọ́kọ́, kí o tó sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" níwájú àlùfáà, níwájú akọ̀wé kóòtù, níwájú lèmọ́ọ̀mù tàbí níwájú ẹbí, mọ irú ìgbéyàwó tí ò ń ṣe àti irú ilé tó ń sọ ọ́ dà. Má ṣe fi òrùka sọ́wọ́ òsì kí o tún máa gbé ìdána lọ́wọ́ ọ̀tún. Èkejì, bí o bá bímọ, jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí àwọn ọmọ rẹ mọ ara wọn nígbà tí o wà láyé. Ẹ̀kẹta, bí o bá ní yàrá kan ṣoṣo, kọ ìwé ìhágún. Kò túmọ̀ sí pé o fẹ́ kú. Ẹ̀kẹrin, bí iye tí o lè tọ́. Ní Freetown, ọmọ mẹ́fà tí wọ́n tọ́ dáadáa ló gbé orúkọ Ajayi dé ibi tí ó dé.

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá tó bí bàbá mi jẹun tirẹ̀ tán, àwa ni a ń ru igbá. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí àwọn ọmọ tiwa bá igbá nílẹ̀. Ire kàbìtì o.